Ọ̀rọ̀ ìbọn .375 mi ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Ìbọn .375 H&H mi, ìbọn ọdẹ fún ẹran ńlá, tí mo bi yín léèrè ìdí tó fi ń fọ́n ọta káàkiri (ọta 3 fọ́n ká íǹṣì 6 ní 100 yáàdì), mo ti mọ ohun tó ṣe é. Bóòtù awò tí mo fi ń wo ohun tí mo fẹ́ yìn ò tú. Mo fọ bàbà tí ọta fi sílẹ̀ nínú irin ìbọn, ó sàn díẹ̀, kò tó. Ìgbà tí mo yọ irin kúrò lára igi ni mo rí i: igi ti sán níbi tí irin máa ń tì nígbà tí ìbọn bá ta padà. Atúnbọnṣe fi epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń le gan-an) tẹ́ ibẹ̀, ó sì fún àwọn bóòtù rẹ̀ dọ́gba. Lánàá, ọta 3 wọ inú íǹṣì 1½, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí, torí ẹran tó gbé ọgbẹ́ sá wọgbó máa ń dùn mí gan-an.