Igi wo ló ń rúwé nínú ẹ̀ẹ̀rùn lọ́nà Kánò?

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ Kánò lóṣù kejì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí. Nígbà tí a fi kọjá Kaduna, ọ̀pẹ ti di ọ̀wọ́n. Lẹ́yìn Zaria, ọ̀pọ̀ igi oko ti wọ́wé tán, àfi irú kan tí ewé kún orí rẹ̀, tí àwọn ewúrẹ́ ń ṣa èso pupa rẹ́súrẹ́sú jẹ lábẹ́ rẹ̀. Igi wo nìyẹn? Kí ló dé tí igi ibẹ̀ kò jọ tiwa n'Ìbàdàn? Mo tún fẹ́ gbin àgbálùmọ̀ sílẹ̀ wa ní Gwagwalada, l'Àbújá níbí, ṣé yóò ṣe é ṣe?

Aláṣọ Sábó Kánò:
Gáwò ni Haúsá ń pè é. Igi alágídí ni! Ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Àwọn àgbẹ̀ kì í gé e, torí bí jéró bá ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀, kò sí ewé tí yóò ṣíji bò ó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Gwagwalada:
Màmá Ìbejì, ẹ kú ìrìn o. Igi ni mò ń gbìn tà níbí, ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní òjò ni. Òjò Àbújá lọ́dún kò kéré sí ti Ìbàdàn o! Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń pẹ́ tó ló yàtọ̀. Oṣù márùn-ún ni tiwa níbí; ti Kánò a máa tó méje, òjò wọn ò sì ju bíi 800 sí 900 mílímítà lọ. Arère àti obì kò lè fara da ìyẹn.

Iná ńkọ́? Ọdọọdún ni wọ́n ń sun igbó. Ẹ lọ fọwọ́ kan ara igi emi: èèpo rẹ̀ nípọn, ó sán bí awọ ọ̀nì. Iná a jó koríko kọjá, emi a tún rúwé. Igi eléèpo fẹ́lẹ́ a kú. Ọwọ́ èèyàn tún wà níbẹ̀. Emi àti irúgbá tó wà káàkiri oko, ọ̀pọ̀ wọn kò sẹ́ni tó gbìn ín. Wọ́n dá wọn sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko ni, nítorí òrí àti irú. Dongoyárò ní tirẹ̀, wọ́n mú un wá láti Íńdíà ni, òun ló wá gba ìgboro kan lápá òkè ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n kò sí ààlà kankan tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Emi pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí tiwa. Tí ẹ bá sì dé etí odò níhìn-ín, ẹ ó rí ọ̀pẹ àti igi igbó kìjikìji, torí omi kì í jìnnà sí gbòǹgbò wọn.

Ti àgbálùmọ̀, ẹ gbìn ín síbi tó súnmọ́ omi. Ẹ máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn títí yóò fi lágbára, kí ẹ sì ro ìdí rẹ̀ mọ́ kí iná má bàa dé ibẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù tiwọn nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Kánò, ṣé ewé gáwò ṣe é fún àgùntàn?

Aláṣọ Sábó Kánò:
Ó ṣe é dáadáa. Àwọn Fúlàní máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù tí koríko bá ti gbẹ. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún rẹ̀ ṣá.