Pọlí wo ló dáa fún ìwakùsà àti epo rọ̀bì? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la ni pótàlì máa tì

ÀdùkẹÌṣokùn: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ṣe ND, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì ti pọlí, nínú ìwakùsà àti epo rọ̀bì, máàkì JAMB ẹ̀ ò gbé e débi tó kọ́kọ́ yàn, a fẹ́ yí ilé ìwé padà, wọ́n sì ní ọ̀la ni pótàlì máa tì. Èwo ni ká mú? Iléṣà la wà. Mo ti wà ní kaféè báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Bọ̀dáJídé: Máàkì mélòó ló gbà? Ṣé kírẹ́dìtì ẹ̀ pé nínú Mátì, Físíìsì àti Kẹ́mísírì? Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan fún wa o. Bó bá pé, Pọlí ìjọba àpapọ̀ Adó-Èkìtì ni kẹ́ ẹ mú. Kọ́ọ̀sì yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Mineral and Petroleum Resources ni wọ́n ń pè é, ìwakùsà àti epo wà pa pọ̀ ní ND, tó bá dé HND, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tó ga ju ND lọ, ló máa tó yan apá kan. Kò sì jìnnà sí yín, ẹ gba Ẹ̀fọ̀n, ẹ gba Àrámọkọ, ẹ ti débẹ̀.

DáreWarri: Ẹ fi Adó sílẹ̀ jàre. Ṣé epo kọ́ ló dárúkọ ni? PTI, ilé ìwé iṣẹ́ epo tó wà ní Effurun lẹ́bàá Warri, ni bàbá gbogbo wọn. Òfin ọdún 1972 ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, torí epo nìkan ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀, abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí epo ló wà. Ibi tí epo wà ni kí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ epo lọ.

MàmáTọ̀kẹ́: Ẹ̀sà-Òkè ńkọ́? Ó kúkú sún mọ́lé, ọmọ á lè máa wálé lópin ọ̀sẹ̀ wá kó oúnjẹ. Owó ọkọ̀ ayé ìsinyìí kì í ṣe kékeré.

Bọ̀dáJídé: Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe kọ́ọ̀sì yẹn níbẹ̀. Ìtòsí nìkan kọ́.

ỌmọImọ̀: Kẹ́ ẹ tó mú ibikíbi ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí tán. Kọ́ọ̀sì tó jọ èyí ni mo ṣe, n ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, àdáni ni. Ọjọ́ tá a lọ gba fọ́ọ̀mù wọ́n mú èmi àti bàbá mi wọ yàrá kan tí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sí lórí tábìlì, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára, quartz, feldspar, wọ́n ní lábù àwọn nìyẹn, wọ́n ní NBTE, àjọ ìjọba tó ń rí sí àwọn pọlí, ti fọwọ́ sí àwọn. Lóòótọ́ NBTE fọwọ́ sí ilé ìwé náà o, àmọ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni NBTE máa ń yẹ̀ wò tí wọ́n á sì fọwọ́ sí, pé wọ́n fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì akaǹtì ò túmọ̀ sí pé wọ́n fọwọ́ sí ìwakùsà, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbowó wa. A kàwé, a yege, mo tún lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, fún ọdún kan níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, eruku wọ imú wọ ojú, ìgbà tí mo wá fẹ́ wọ HND níbòmíì, obìnrin tó ń gba fáìlì fa ìwé gbọọrọ kan yọ, ó ń fi bírò tọ̀ ọ́ láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, ó kan orúkọ ilé ìwé wa, ó ka gbogbo kọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ ẹ̀ létí mi, tiwa ò sí níbẹ̀. Ó dá fáìlì mi padà, ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Bàbá mi ta ilẹ̀ nítorí ìwé yẹn. Títí dòní a kì í sọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà nínú ilé wa.

ÌyáÌbejìÒkèṣà: Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ẹ dárúkọ ilé ìwé náà kí wọ́n má bàa tún lu ọmọ ẹlòmíì ní jìbìtì.

ỌmọImọ̀: Ẹ má bínú mà, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí kóòtù.

KúnléAyésọ̀: Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ilé ìwé àdáni.

TíṣàBólú: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹ́ni Kúnlé, àdáni tó dáa wà. Ká lọ wo orúkọ kọ́ọ̀sì lórí wẹ́ẹ̀bù NBTE fúnra wa ni ọ̀rọ̀ yìí já sí, àdáni ni o, ti ìjọba ni o.

KúnléAyésọ̀: Ti ìjọba ni NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń yáni lówó fún, kò sí èlé lórí ẹ̀, wọ́n á san owó ilé ìwé tààrà, wọ́n á tún fọ́mọ ní 20,000 náírà lóṣù. Ṣé àdáni rí ìyẹn?

AwakùsàAtakúmọ́sà: Èmi ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń fi ìwé ṣe. Wúrà wà nílẹ̀ wa, Itagunmodi, Igun, Iperindo. Kí ọmọ náà wá bá wa lóko, ọwọ́ ẹ̀ á ba owó kó tó parí ND.

ÌyáÌbejìÒkèṣà: Ẹ̀yin lẹ ba odò jẹ́! Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pọn omi nínú odò yẹn tẹ́lẹ̀, wọn ò lè fi fọ aṣọ mọ́, ẹrẹ̀ ni látòkè délẹ̀.

TíṣàBólú: Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sì ti sọ ọ́, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun abẹ́ ilẹ̀, ẹni tí ò bá ní láísẹ́nsì tó ń wà á, arúfin ni. Ẹ wo ibi ìwakùsà wúrà Ṣẹ́gilọlá níbí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà jáde ní 2021. Gígbẹ́ ihò sínú àpáta, fífi bọ́ǹbù fọ́ ọ, wíwọn ilẹ̀, fífọ wúrà kúrò lára òkúta, èwo léèyàn lè ṣe níbẹ̀ láìkọ́ ọ? Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò.

Bọ̀dáJídé: Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Dáre, iṣẹ́ epo ò pọ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò, àwọn tó ń wá a pọ̀ jù ú lọ. Ọ̀ṣun, Èkìtì, Òǹdó, kwárì tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wà káàkiri, ọmọ tó bá mọ ìwakùsà á ríbi ṣe IT.

DáreWarri: Kwárì tí wọn ò ní sanwó! Ẹ bi ỌmọImọ̀ bó ṣe rí i.

ỌmọImọ̀: Wọ́n fún wa lówó ọkọ̀ nìkan. Àmọ́ mo kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ju ilé ìwé lọ.

Sùnmọ́Àkúrẹ́: Kó ṣáà ṣe JAMB míì kó wọ FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, Mining Engineering wà níbẹ̀. Dígírì ni àwọn iléeṣẹ́ ń bèèrè.

KúnléAyésọ̀: ND ló bèèrè o. Tó bá sì ṣe ND dáadáa, ó lè gba Direct Entry lọ sí FUTA náà, kó bẹ̀rẹ̀ ní 200 level.

ÀdùkẹÌṣokùn: Ẹ ṣé gan-an, ẹ má bínú pé mi ò tètè fèsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí. A ti mú PTI. Àǹtí wa wà ní Ekpan, ọ̀dọ̀ wọn ló máa gbé, a ò ní sanwó ilé, àbúrò mi náà sì ní ọkàn òun ò lọ sí Adó.

Bọ̀dáJídé: Ìwakùsà tẹ́ ẹ ní ó fẹ́ ṣe wá ńkọ́?

ỌmọImọ̀: Kọ́ọ̀sì wo lẹ mú ní PTI gan-an? Ẹ wò ó lórí NBTE kẹ́ ẹ tó kúrò ní kaféè, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín.

ÀdùkẹÌṣokùn: Petroleum Engineering ni. Ọmọ kaféè ń bá wa wo ti NBTE yẹn lọ́wọ́ báyìí, ẹ ṣé.