Báwo ni ẹni tí kò jẹ gbèsè rí ṣe ń gba káàdì àwìn ní Ìlú Ọba?

Onítọ̀jú Leeds:
Mo kí gbogbo ilé o. Oṣù mẹ́rìnlá nìyí tí mo ti dé Leeds, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe, owó oṣù mi sì ń wọlé déédéé. Láyé mi, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí: àjọ ni mo fi ra ilẹ̀ tí mo ní ní Òṣogbo, owó ọwọ́ mi ni mo sì fi wọ ọkọ̀ òfurufú wá síbí. Ìdí nìyí tí ó fi yà mí lẹ́nu pé nígbà tí mo tọrọ káàdì àwìn (credit card) lọ́wọ́ báńkì tí mo ń lò, kò tó ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi dá mi lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Mo tún gbìyànjú lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ méjì mìíràn lọ́sẹ̀ kan náà, ohùn kan náà ni mo gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kọ̀wé sí mi pé àwọn kò rí àkọsílẹ̀ tí ó tó nípa mi. Ṣé ẹni tí kò jẹ gbèsè rí ni ó wá di ẹni tí a kò lè fọkàn tán ni? Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Àbúrò mi, wọn kò sọ pé o kò ṣeé fọkàn tán. Wọn kò mọ̀ ọ́ ni. Bí o bá dé ọjà tí o ní kí ìyá aláṣọ tí kò rí ọ rí gbé aṣọ fún ọ láwìn, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè àdúgbò tí ò ń gbé àti ẹni tí o ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí o sì san owó rẹ̀. Níbí, iléeṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn báńkì máa ń bi: Experian, Equifax àti TransUnion. Àwọn ni wọ́n ń kọ ẹni tí ó yá owó, iye tí ó yá àti bí ó ṣe san án sílẹ̀. Àjọ tí o dá kò sí nínú ìwé wọn, BVN rẹ kò sọ nǹkan kan fún wọn, iye owó oṣù rẹ pàápàá kò sí níbẹ̀. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí, òfìfo ni ojú ìwé rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ ṣe ni kí o forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ yìí, ṣùgbọ́n Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Commonwealth tí ó bá sì ní ìwé àṣẹ ìgbé níbí lè forúkọ sílẹ̀, kí ó sì dìbò. Orí gov.uk ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà National Insurance rẹ, èyí tí wọ́n fún ọ nítorí iṣẹ́, ni wọn yóò bèèrè. Ìwé olùdìbò yìí ni àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta náà fi ń mọ̀ pé lóòótọ́ ni o ń gbé ibi tí o pè ní ilé rẹ. Ìwé olùdìbò kejì kan tún wà tí ẹnikẹ́ni lè rà. O lè ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò nínú rẹ̀, kò ní dí ohun tí mo ń sọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, má ṣe tọrọ káàdì kankan mọ́ fún bí oṣù mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tí o bá tọrọ ni àmì kan ń hàn nínú ìwé rẹ, tí ẹni tí o bá tún lọ bá yóò rí i, àmì mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan sì máa ń jọ ti ẹni tí ìṣòro owó ti dé bá lójú wọn. Bí àkókò bá tó, lo àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe ṣáájú ìtọrọ, èyí tí yóò sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó fún ọ. Ìyẹn kò fi àmì tí ẹlòmíràn lè rí sílẹ̀.

Káàdì kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú wa. Bí £200 tàbí £300 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ sì máa ń ju 30% lọ lọ́dún. Èlé yẹn ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá san gbogbo owó tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kì í san èlé lórí ọjà tí ó rà. Epo mọ́tò nìkan ni mo ń fi tèmi rà, nǹkan bí £40 lóṣù, mo sì ṣètò Direct Debit, ètò tí owó fi ń jáde fúnra rẹ̀ láti báńkì, kí wọ́n máa gba gbogbo rẹ̀, kì í ṣe iye tí ó kéré jù lọ tí wọ́n gbà kí èèyàn san. Kìkì pé ní oṣù àkọ́kọ́, ètò náà kò tíì múlẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìsanwó pé, èmi sì ti fọkàn balẹ̀. Wọ́n bu £12 lé mi lórí. Fi ọwọ́ ara rẹ san ti oṣù àkọ́kọ́. Má sì ṣe fi káàdì náà gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ láé, torí ọjọ́ náà gan-an ni èlé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Alájọ:
Ẹ kú àlàyé o, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé káàdì yìí di dandan? Èmi ti gbé London pẹ́, owó tí mo bá ní ni mo ń ná.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ní ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ra ilé lọ́jọ́ iwájú gbọ́dọ̀ ní ìtàn bí ó ṣe ń san gbèsè lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin kan wà, Consumer Credit Act ti ọdún 1974: bí ẹ bá fi káàdì àwìn ra ohun tí owó rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, tí ẹni tí ó tà á kò bá gbé e wá tàbí tí ó kógbá wọlé, ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ káàdì fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wé ti ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó lọ́wọ́ aṣojú tí ó sá lọ.

Mo Ti Jìn Sí Kòtò Rí:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tí ìtàn tirẹ̀ bàjẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ wa yàtọ̀. Nígbà tí mo ń kàwé, mo yá owó kéékèèké níbi mẹ́ta láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́, mi ò sì rí i san nígbà tí wọ́n gé wákàtí iṣẹ́ mi kù. Ọdún mẹ́fà ni irú àbùkù bẹ́ẹ̀ fi ń wà nínú ìwé ẹni, kò sí ẹni tí ó lè fi owó nù ún kúrò. Mo sọ èyí nítorí pé ọkùnrin kan gba £150 lọ́wọ́ mi pé òun yóò fọ ìwé mi mọ́. N kò rí i mọ́ títí di òní. Ohun tí ó wà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni pé a lè kọ àlàyé tiwa sínú ìwé náà, kò gbọdọ̀ ju 200 ọ̀rọ̀ lọ, láti sọ ohun tí ó fa àìsan náà. Bí gbèsè bá sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, StepChange àti Citizens Advice, àwọn àjọ tí ń gba onígbèsè nímọ̀ràn, kì í gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó ràn ọ́ lọ́wọ́. Ọdún kẹrin ni mo tó rí káàdì £200 gbà.

Onítọ̀jú Leeds:
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Lálẹ́ àná ni mo gba ìwé mi lọ́dọ̀ Experian, Equifax àti TransUnion, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí mo rí bá mi lójijì: báńkì kọ orúkọ mi ní kíkún, Olúwaṣeun, bí ó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kọ Seun, ẹni tí ó fún mi ní iná sì fi orúkọ bàbá mi ṣe orúkọ mi. Àdírẹ́sì kan ní "Flat 2", òmíràn ní "2A". Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ènìyàn kan ṣoṣo ni wá! Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ti iná kí wọ́n tún un ṣe, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò, pẹ̀lú Olúwaṣeun àti "Flat 2". Mo ti sàmì sí kàlẹ́ńdà mi fún oṣù mẹ́fà òní. Ìyá Ìbejì, n kò ní mọ́tò. Ṣé mo lè fi í san owó káàdì bọ́ọ̀sì mi lóṣooṣù dípò epo?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣáà máa jẹ́ ohun tí o ti ní owó rẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.