Wáìnì gbígbẹ kọ́, wáìnì aláìlóyin ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tú ìwé oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì kan l'Óṣogbo sí Yorùbá, nítorí àwọn àlejò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ní kí a pe ohun tí Faransé ń pè ní vin blanc sec, ìyẹn wáìnì funfun tí kò ní adùn ṣúgà, ní "wáìnì funfun gbígbẹ", torí "gbígbẹ" ni sec. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni Jámánì àti Ítálì ṣe ń pè é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká bá wọn gbẹ? Ẹ sọ fún oníbàárà l'Óṣogbo pé wáìnì gbígbẹ wà, yóò bi yín bóyá ẹ máa bá a pò ó mọ́mi.

Èyí tó tún burú ni ti Sauternes, lẹ́bàá Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí olu kan tó ń jẹ́ Botrytis mú àjàrà lórí igi títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí yóò hunjọ. Ọtí tí wọ́n fi àjàrà tó ti gbẹ yìí ṣe ló wá ń dùn yùngbà! Nínú àwọn méjèèjì, ta ló wá ni orúkọ náà?

Ẹlòmíràn ní "wáìnì kíkan". Ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì, ṣebí ọtí kíkan ni wọ́n tẹ kànìnkànìn bọ̀ fún Jésù lórí àgbélébùú? "Aláìdùn" ńkọ́? Ìyẹn ló máa lé oníbàárà sá, torí dídùn ṣúgà àti dídùn ọbẹ̀, ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọtí yìí ni pé ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú omi àjàrà, ó sọ ọ́ di ọtí. Òfin Yúróòpù ní kí èyí tó ṣẹ́kù má ju gíráàmù 4 lọ nínú lítà kan. Tí kíkan rẹ̀ bá pọ̀ tó, ó lè dé 9.

Lọ́jà Ọba, ẹ̀wà olóyin wà. Kò sẹ́ni tó ń wá oyin nínú rẹ̀. Àbá mi nìyẹn: wáìnì olóyin fún irú ti Sauternes, wáìnì aláìlóyin fún irú ti Chablis. Ó gùn díẹ̀, mo gbà, àmọ́ kò bú ọtí náà.

Chablis wà níhà àríwá Burgundy, níbi tó tútù. Àjàrà Chardonnay ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, lórí ilẹ̀ ẹfun tí ìkarahun àtayébáyé kún inú rẹ̀. Òtútù yẹn kì í jẹ́ kí kíkan àjàrà tán bọ̀rọ̀, kíkan náà ló sì ń fọ òróró kúrò lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tó fi bá àkàrà gbígbóná mu, tó bá ẹja díndín náà mu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀ tí ata rodo ti gorí rẹ̀, olóyin ni kẹ́ ẹ gbé fún un. Ọtí máa ń mú kí ata ta ni lẹ́nu sí i. Adùn ló ń rọ̀ ọ́.

Ti "funfun", ẹ má jẹ́ ká jà lé e lórí. Ẹmu ló funfun, ìyeyè ni ti eléyìí. Àmọ́ a ti ń pe ìkejì rẹ̀ ní pupa, ẹ jẹ́ ó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe lè kọ ọ́ rèé: "Chablis, wáìnì funfun aláìlóyin láti ilẹ̀ Faransé. Ó bá àkàrà àti ẹja díndín mu. Tútù la ń gbé e wá."