Ìdáhùn sí "Ìléṣẹ́lọ": iṣẹ́ lẹ ń lé ni àbí ìṣẹ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè.

Mo rí orúkọ Yorùbá tí Ẹ̀gbọ́n wa dá fún ẹni tí ìjọba bá fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ètò ìrànwọ́ mẹ̀kúnnù sábẹ́ rẹ̀: "Mínísítà Ìléṣẹ́lọ". Ẹ má bínú sí mi o, Ẹ̀gbọ́n, fáwẹ̀lì tẹ́ ẹ pa jẹ yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ìṣẹ́, ìyẹn òṣì, lẹ fẹ́ lé lọ. Ẹ wá gé "ì" dànù, ó ku "ṣẹ́". Ṣé iṣẹ́ ni mínísítà ń lé kúrò nílùú ni? Bí oníwèé ìròyìn tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ bá gbé e jáde, ẹni tó ń wáṣẹ́ kiri á kà á, á ní wọ́n mà sòótọ́ lónìí.

Ẹni tó gbèjà yín lánàá ní ohùn ìsàlẹ̀ orí "ì" yẹn kì í kú, pé ó ṣì wà lẹ́nu bí kò tilẹ̀ sí lójú ìwé mọ́. Lẹ́nu ta ni? Ẹ ní kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kà á sókè. Ìyá bàbá mi tí kò mọ a yàtọ̀ sí b, tó bá ní "ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ", "ì" yẹn á dúró gbọn-in.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pè é ní "Mínísítà Ìgbanisíṣẹ́" ńkọ́? Ta ni "ni" tó ń gbà? Àjọ tó ń gbani síṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà lọ́tọ̀. Bí wàhálà bá bẹ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, mínísítà lè yan onílàjà sí i. Ìyẹn kì í ṣe ìgbanisíṣẹ́. Ẹni méjì lẹ sì ń dé fìlà kan fún: N-Power, ètò ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fáwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kò bọ́ sọ́wọ́ mínísítà òṣìṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 fún ọ̀rọ̀ àjálù àti ìdàgbàsókè àwùjọ ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Abala 148 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní Ààrẹ ló lè pín ojúṣe fún mínísítà bó ṣe wù ú, nítorí náà orúkọ tẹ́ ẹ bá dá lónìí lè má bá a mu lọ́la.

Ẹni tó ní ká fi "òjíṣẹ́" rọ́pò mínísítà, àwọn pásítọ̀ ti gbà á tipẹ́.

Tèmi: "Mínísítà Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́" fún ẹni tọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, "Mínísítà Ìrọ̀rùn Mẹ̀kúnnù" fún ẹni tétò ìrànwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.