Radon nínú ilé orí àpáta ní Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé fáànù ara ògiri lè lé e jáde?

Ọmọ Ajílété:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, lọ́nà Under G, orí àpáta ni wọ́n kọ́ ọ sí. Jámánì fulọ́ọ̀ rẹ̀ ti sán láàárín pálọ̀ àti níbi tí páìpù ilé ìwẹ̀ ti wọlẹ̀. Yàrá tí a ń sùn ní éésì, fèrèsé síláìdì rẹ̀ kì í sábà ṣí. Omi bọ́họ́ọ̀lù la ń lò. Mo fẹ́ ra fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ síta, kí wọ́n fi sára ògiri yàrá. Ṣé yóò tó láti lé radon, afẹ́fẹ́ onítànṣán tó ń tinú òkúta jáde, kúrò nínú ilé?

Olókùúta:
Ẹ má tíì rà á. Bí fáànù bá ń ti afẹ́fẹ́ síta nígbà tí fèrèsé wà ní títì, afẹ́fẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, ojú ibi tó sán nílẹ̀ yẹn ni yóò sì gbà wọlé. Radon lè tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Uranium inú òkúta bíi gíránáìtì ló ń yí padà di radium, radium di radon. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ìdajì rẹ̀ ń pòórá láàárín ọjọ́ 3.8, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò yéé tú òmíràn jáde. Lẹ́yìn sìgá, òun ni lájorí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń mu sìgá nínú ilé tó ní radon ló wà nínú ewu jù. Síbẹ̀, ilé méjì tó fara kanra lè yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fọ́ ilẹ̀ kankan.

Agolo èédú tí wọ́n fi ń wọn radon máa ń gba ọjọ́ 2 sí 7, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ìgbà òjò ń dà á láàmú, ó sì gbọ́dọ̀ tètè dé ibi àyẹ̀wò. Ike kékeré tí wọ́n ń pè ní alpha track ni mo fara mọ́: oṣù 3 ó kéré tán, ó sì dára kó tó ọdún kan, torí ilé tí a tì pa nígbà ọyẹ́ kì í ṣe ilé tí a ṣí sílẹ̀ nígbà ooru. Kò gba iná. Ẹ gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, kó fi ó kéré tán 50 cm ga sílẹ̀, kó jìnnà sí fèrèsé àti atẹ́gùn éésì. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka físíìsì LAUTECH.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kó má ju 100 Bq/m³ lọ (ìyẹn ìwọ̀n radon tó wà nínú afẹ́fẹ́); níbi tí ìyẹn ò bá ti ṣeé ṣe, kó má kọjá 300. Bí ẹ̀rọ yín bá ń ka pCi/L, ìwọ̀n radon mìíràn, ẹ fi 37 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di Bq/m³.

Bàbá Onílúfà:
Ẹ ṣí fèrèsé, ọ̀rọ̀ parí! Ta ló ń gbọ́ radon nílé onílúfà?

Olókùúta:
Òótọ́ ni yín, bàbá, fún ilé onílúfà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ti fèrèsé, láàárín nǹkan bíi wákàtí 12, ó ti padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Éésì náà kì í gbé afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Afẹ́fẹ́ yàrá kan náà ló ń tútù.

Bíríkìlà Takíé:
Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó sán: sìmẹ́ńtì lásán yóò tún sán. Ẹ fi síṣẹ́ẹ̀lì la ojú rẹ̀ tó 1 cm, ẹ gbá eruku rẹ̀ dànù, kí ẹ fi polyurethane sealant dí i, àti yíká páìpù ilé ìwẹ̀. Dídí nìkan kì í sábà tó.

Bí iye bá ga, ẹ lu ihò ínṣì 4 sí fulọ́ọ̀ ní igun kan, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ tó kún rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ti páìpù PVC ínṣì 4 bọ̀ ọ́, kó má kan ìsàlẹ̀ kòtò, ẹ dí etí rẹ̀, kí ẹ gbé e gba sílíìnì jáde sókè òrùlé, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí fèrèsé ní mítà 3. Kí páìpù má tẹ́ pẹrẹsẹ, kí omi inú rẹ̀ lè ṣàn padà sí kòtò. Fáànù inú páìpù, tó ń fa radon láti abẹ́ fulọ́ọ̀ lọ sókè òrùlé, gbọ́dọ̀ wà lókè sílíìnì tàbí níta. Bó bá wà nínú yàrá, tí páìpù jò lókè rẹ̀, inú ilé gan-an ni yóò tú radon sí. Tọ̀sántòru ló ń ṣiṣẹ́, nítorí náà sólà àti bátìrì ni kí ẹ gbé e lé, kì í ṣe iná NEPA.

Ohun tó ń dà wá láàmú lórí àpáta nìyí: bí fulọ́ọ̀ bá jókòó tààrà sórí òkúta, afẹ́fẹ́ kì í rìn lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ra fáànù, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku sí ẹnu ihò yẹn, ẹ lu ihò kékeré sí igun tó jìnnà, kí ẹ sun tùràrí síbẹ̀. Bí èéfín bá wọlẹ̀, ihò kan tó. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó lu òmíràn.

Ọmọ Ajílété:
Ẹ ṣeun gan-an. Omi bọ́họ́ọ̀lù ńkọ́?

Olókùúta:
Radon inú omi ń jáde nígbà tí ẹ bá ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi máa tú sínú táńkì ìta láti òkè, kó máa ta fọ́nfọ́n, kí táńkì sì ní ojú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ ló sábà ń gbé púpọ̀ jù wá, torí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ dúró fún wákàtí 24 kí ẹ tó tún un wọ̀n.