Ilé ní Mowé, iṣẹ́ ní Marina: kí ni ọ̀nà jíjìn ti ṣe sí ipò yín lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Láti 2017 ni mo ti ń gbé Mowé, tí mo sì ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Marina. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń gbà lórí yàrá kan ní Èkó kò ní bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀.

Aago mẹ́rin ìdájí kì í bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá wọ ọkọ̀ kí aago márùn-ún tó lù, mo lè dé CMS ní aago méje. Bí mo bá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́, ó di aago mẹ́sàn-án, torí Kárà á ti dí pa. Nígbà tí wọ́n ń tún òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe, oorun tí mo sùn nínú bọ́ọ̀sì ju ti ilé lọ.

Kò sẹ́ni tó lè ka àléébù sí iṣẹ́ mi. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ṣe mí. Bó bá ti lù, mo ti gbé báàgì. Ọmọkùnrin kan tá a jọ wọṣẹ́, tó ń gbé Ọbáléndé, á dúró. Kì í ṣe pé ó ń ṣe nǹkan bàbàrà kan o! Òun àti ọ̀gá á jọ máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà títí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á fi rọlẹ̀. Ìdí gúgúrú yẹn lọ̀gá ti ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ní 2022, òun ni wọ́n fi ṣe olórí wa. Èmi tí mo kọ́ ọ níṣẹ́!

Mo bá gba yàrá sí Èbúté-Mẹ́ta, mo ń wálé lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n fún mi nípò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ mi ṣubú níwájú mi, ó dìde, ó sì sunkún kọjá lára mi lọ bá àbúrò mi. Mo kó ẹrù mi padà sí Mowé. Ipò yẹn náà ni mo ṣì wà.

Ẹ̀yin ńkọ́?

*

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Tèmi yàtọ̀. Ìkẹjà ni mo ti ń ka owó lẹ́yìn gíláàsì báǹkì fún ọdún mẹ́rin, kí wọ́n tó gbé mi lọ Ṣakí ní 2014. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n ti jù mí sígbó. Àwa díẹ̀ la wà níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ló ń kàn mí. Àwọn ìyá elélùbọ́ ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó máa san gbèsè. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo di mánijà ní Ìbàdàn. Àmọ́ kí n má purọ́, àpọ́n ni mí nígbà yẹn, báàgì méjì péré ni mo gbé lọ.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta lèmi ń gbé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, mo ní ìyà tán, àfi ìgbà tí mo rí i pé aago tirẹ̀ àti aago iṣẹ́ mi ò bára mu. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ọ̀gá fúnra wọn ní ká máa ṣiṣẹ́ látilé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Inú mi dùn. Àṣé ọjọ́ méjì yẹn ni wọ́n ń pín iṣẹ́ tó ní láárí fáwọn tó bá wà níbẹ̀.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ gúgúrú yẹn wọ̀ mí lára. Èmi náà ti ń ra tèmi lọ báyìí, gbogbo Ọjọ́rú.